Kọ̀ǹpútà ilé yín ń rìn bí ìgbín? Ẹ má tíì yáwó ra tuntun

Ẹ̀rọ ayárabíàṣá ni àwọn olùkọ́ wa ń pe kọ̀ǹpútà lédè Yorùbá, orúkọ náà sì bá a mu nígbà tó wà ní tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tan kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ láàárọ̀, tó lọ po ẹ̀kọ, tó mu ún tán, tó fọ abọ́, tó sì padà wá bá àmì róbótó yẹn tó ṣì ń yí lójú rẹ̀, onítọ̀hún mọ̀ pé àṣá ti di ìgbín. Àwọn tó ń fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ jẹun la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí: àwọn tó ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn nínú ilé, àwọn tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, àwọn olùkọ́ tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, àtàwọn oníṣòwò tó ń kọ ìṣirò ọjà wọn sínú rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi kan wà n'Íbàdàn tó fi pálọ̀ rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìpè ìkómọ, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan báyìí. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gbé iṣẹ́ ìwé ìsìnkú ìyá rẹ̀ wá bá a, ẹ̀dà 200, ojú ìwé 16, àwòrán kún inú rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì fẹ́ lò ó. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣí àwòrán kan, ẹ̀rọ á dákẹ́ lọ gbári. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ojú ìwé mẹ́ta péré ló rí ṣe. Ọkùnrin náà ò bá a jà o. Ó kàn gba àwòrán ìyá rẹ̀ padà, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá.

Lọ́jọ́ kejì ló pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá kọ̀ǹpútà tó dáa. Eléyìí ti kú." Mo ní kó má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà títí mo fi máa dé lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí mo bá nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ wa, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ká tó ṣí ẹ̀rọ rárá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Bí ìlọ́ra kọ̀ǹpútà bá ń gba ìṣẹ́jú 40 lọ́wọ́ yín lójúmọ́, láti ìgbà tí ẹ bá ti tàn án títí dìgbà tí ẹ máa pa á, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, wákàtí 4 ló jẹ́ lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, ó di wákàtí 208. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 26 ló bá a lọ yẹn, ìyẹn oṣù kan gbáko fẹ́ni tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ta ló máa sanwó oṣù fún ọmọ iṣẹ́ tó jókòó, tó ń wo àjà fún odidi oṣù kan?

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni kí ẹ fi inú kọ̀ǹpútà wé. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní CPU, òun ló ń gé, òun ló ń rán. Tábìlì tó ń tẹ́ aṣọ lé ni RAM. Bí iná bá lọ lójijì, ohun tó wà lórí tábìlì yẹn tí ẹ ò tíì fi pamọ́ á pòórá. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó aṣọ pamọ́ sí ni háàdì dísìkì; ohun tó bá wà níbẹ̀ ṣì máa wà níbẹ̀ bí iná bá dé. Ọmọ iṣẹ́ kan ló wá ń lọ, tó ń bọ̀, láàárín tábìlì àti yàrá ẹ̀yìn. Ó dáa. Télọ̀ lè mọṣẹ́ bí kí ló dé, bí tábìlì bá kéré, gbogbo ìgbà ni wọ́n á máa ká aṣọ kan padà sí yàrá kí wọ́n tó lè tẹ́ òmíràn. Bí ọmọ iṣẹ́ náà bá tún wá ń lọ́ra, télọ̀ á kàn káwọ́ gbera ni, oníbàárà á sì máa rò pé télọ̀ ni ò mọṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi owó ṣòfò nìyẹn. Wọ́n ń lé télọ̀ lọ nígbà tó jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ẹni tó ń fa ìlọ́ra? Windows ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé wa, òun la ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ di bọ́tìnnì Ctrl àti Shift mú pọ̀, kí ẹ wá tẹ Esc. Ohun tí wọ́n ń pè ní Task Manager á yọ sójú yín. Bó bá kéré tí kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, ẹ tẹ More details. Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Performance sí, ẹ ó rí CPU, Memory àti Disk, pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó nínú 100. CPU ni télọ̀ wa, Memory ni tábìlì, Disk ni yàrá ẹ̀yìn àti ọmọ iṣẹ́ tó ń sá wọ ibẹ̀. Ẹ má wò ó nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan o. Ẹ ṣí iṣẹ́ tí ẹ máa ń ṣe gan-an, ẹ dúró dìgbà tó bá ń dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́, kí ẹ wá wo èyí tó gun 100 tí kò sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́dọ̀ àbúrò wa, CPU ò kọjá 15. Memory wà ní 93. Disk gun 100, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 7 tí mo fi aago ọwọ́ mi kà. Kọ̀ǹpútà tó ní ó ti kú yìí, ọpọlọ rẹ̀ ò tíì lo ìdá kan nínú mẹ́fà agbára tó ní.

A bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Àkọ́kọ́ ni Restart. Láti orí Windows 8 tó jáde ní 2012, bí ẹ bá tẹ Shut down, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kì í pa gbogbo nǹkan tán. Ètò kan tó ń jẹ́ Fast startup máa ń fi apá kan iṣẹ́ Windows pamọ́ kí kọ̀ǹpútà lè tètè jí, bí ìdọ̀tí bá sì wà nínú ohun tó fi pamọ́ lánàá, tòun tìdọ̀tí ni wọ́n jọ máa jí lónìí. Restart ló ń gbá ilẹ̀ mọ́ pátápátá. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán.

Lẹ́yìn náà, nínú Task Manager kan náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Startup sí. Startup apps ni wọ́n pè é nínú Windows 11. Àwọn ètò tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n ló wà níbẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni mo bá lọ́dọ̀ àbúrò wa. Ọ̀kan jẹ́ ti fóònù kan tó ti sọ nù tipẹ́, òmíràn sì jẹ́ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti bàjẹ́, tí wọ́n ti tà fún àwọn onírin! Ẹ tẹ èyí tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò nílò, kí ẹ wá tẹ Disable. Kò ní pa ètò náà rẹ́, ó kàn ní kó máa sùn títí ẹ fi máa pè é ni. Èyí tí ẹ ò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ná, ẹ má sì fọwọ́ kan áńtífáírọ́ọ̀sì.

Bí mo ti dárúkọ áńtífáírọ́ọ̀sì yìí, méjì ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ọ̀kan lè sùn lọ kí èkejì máa ṣọ́nà. Ọlọ́dẹ méjì tí ń yẹ ara wọn lápò wò ní gbogbo òru ni o. Ọ̀kan tó, láti orí Windows 8 sì ni Microsoft ti ń fi tirẹ̀ sínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ètò tó ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn máa sọ kọ̀ǹpútà di ọ̀tun níṣẹ̀ẹ́jú kan, tí wọ́n á ní àwọn ti rí ẹgbẹ̀rún kan àṣìṣe nínú rẹ̀, tí wọ́n á wá ní kí ẹ sanwó, ẹ sá fún wọn. Microsoft fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò fọwọ́ sí àwọn ètò tó ní àwọn ń fọ ohun tí wọ́n ń pè ní registry.

Yàrá tó bá kún dẹ́nu ọ̀nà náà a máa fa ìlọ́ra. Ẹ wọ Settings, kí ẹ tẹ System, kí ẹ tẹ Storage, ẹ ó rí ohun tó gba àyè yín. Temporary files ni ẹ lè kọ́kọ́ pa rẹ́, àmọ́ ẹ lajú dáadáa, nítorí Downloads lè wà nínú ohun tí wọ́n tò síbẹ̀, inú Downloads yẹn sì ni ọ̀pọ̀ wa ń fi iṣẹ́ oníbàárà sí. Èmi a máa fi bí ìdá kan nínú márùn-ún àyè sílẹ̀ lófìfo.

Nígbà tí a ṣe gbogbo èyí tán, ìṣẹ́jú 9 tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ń jí di 5. Inú rẹ̀ dùn, inú tèmi ò dùn. Disk ṣì ń gun 100.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Inú háàdì dísìkì àtijọ́, àwo róbótó ló ń yí níbẹ̀, ìgbà 5,400 tàbí 7,200 níṣẹ̀ẹ́jú kan, tí apá tín-ín-rín kan sì ń lọ, tó ń bọ̀, lórí rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ giramafóònù ayé ọjọ́un. Bí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń pè, káàkiri orí àwo yẹn ni wọ́n sì wà. Apá náà gbọ́dọ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì lè ṣe ju bí ìgbà 100 sí 200 lọ níṣẹ̀ẹ́jú àáyá kan. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lòun lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn níṣẹ̀ẹ́jú àáyá kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ti bọ́ háàdì dísìkì kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n fi SSD rọ́pò, á dà bíi pé wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ti ní in tẹ́lẹ̀. Nínú Windows 11, àti Windows 10 tó bá ti gba àtúnṣe tó jáde ní 2020, wọ́n kọ HDD tàbí SSD sábẹ́ Disk nínú Task Manager yẹn. Bó bá ti jẹ́ SSD, ẹ fi owó yín sápò, ibòmíràn ni ẹjọ́ wà. Bó bá jẹ́ HDD, ẹ béèrè irú èyí tó máa wọ tiyín kí ẹ tó rà á: láptọ́ọ̀pù àtijọ́ sábà máa ń gba SATA, èyí tó fẹ̀ bí háàdì dísìkì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn ń gba M.2, tó tín-ín-rín bíi rọ́bà ìjẹ. Àwọn láptọ́ọ̀pù kéékèèké olówó pọ́ọ́kú tí àyè wọn jẹ́ 32GB tàbí 64GB, wọ́n sábà máa ń jó ibi ìkẹ́rùsí wọn mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ ni, kò ṣeé yọ. Ẹni tó bá ní òun máa yọ ọ́ fún yín, ẹ gba kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan háàdì dísìkì yín láì jẹ́ pé ẹ ti ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ yín síbòmíràn. Mo ti jìyà ẹ̀ rí. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi fún onímọ̀ẹ̀rọ kan nígbà kan, mo ní ó ń lọ́ra, ó ní fọ́máàtì ló máa wò ó sàn. Mo ní kó ṣe é. Ìṣirò iṣẹ́ ọdún méjì àti fọ́tò ìkómọ àkọ́bí mi ló bá a lọ. Ọkùnrin náà ò parọ́ ṣá, kọ̀ǹpútà yá lóòótọ́.

Bí a ṣe ṣe ti àbúrò wa rèé. Ohun tó wà lórí háàdì dísìkì rẹ̀ jẹ́ bíi 160GB, a sì ra SSD 240GB, nítorí tuntun gbọ́dọ̀ gba gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́. A fi wáyà USB kan so SSD náà mọ́ láptọ́ọ̀pù, a lo ètò tó ń da gbogbo inú háàdì dísìkì kọ, àti Windows àti iṣẹ́, láìyọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe SSD ló ń fún èèyàn ní irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbà wá ní bíi wákàtí mẹ́ta. A ò bẹ̀rẹ̀ rárá títí bátìrì láptọ́ọ̀pù fi kún tí ínfátà sì wà nítòsí, torí iná tó bá lọ láàárín irú iṣẹ́ yẹn lè da gbogbo rẹ̀ rú. Nígbà tó parí, a pa kọ̀ǹpútà, a yọ wáyà iná àti bátìrì, a tú síkúrù mélòó kan, a gbé ti àtijọ́ jáde, a fi tuntun sípò rẹ̀. Háàdì dísìkì àtijọ́ yẹn, a ra páálí rẹ̀ tó ní wáyà USB, inú rẹ̀ ló ń ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ sí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé báyìí.

Kọ̀ǹpútà náà jí ní ìṣẹ́jú àáyá 35. Ó ní kí n pa á kí n tún un tàn. Ó jí bẹ́ẹ̀ náà.

Ó wá ku tábìlì, ìyẹn RAM. 4GB ló wà lórí tirẹ̀, iye yẹn náà sì ni Microsoft kọ sílẹ̀ pé ó kéré jù tó lè gbé Windows 11. Èyí tó kéré jù láti gbé e sórí ẹ̀rọ ni wọ́n sọ o, wọn ò ní ẹ lè fi ṣiṣẹ́ àwòrán, kí ẹ tún ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá sí i. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò, 8GB ni mo máa ń ní kó lò. Bí ẹ bá tẹ Memory nínú Task Manager, ẹ ó rí Slots used. Bó bá jẹ́ 1 of 2, àyè kan ṣì ṣófo tí ẹ lè fi kún. Ẹ yọ èyí tó wà níbẹ̀, kí ẹ mú un dání lọ sọ́jà, nítorí DDR3 ò lè wọ àyè DDR4, ti dẹ́sítọ́ọ̀pù ò sì lè wọ láptọ́ọ̀pù. Iye owó wọn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, n ò ní tan yín, ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Gbogbo ohun tí àbúrò wa ná lórí SSD, páálí àti RAM ò tó ìdá kan nínú márùn-ún owó tó fẹ́ lọ yá, kò sì yá a mọ́.

Ooru náà ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Bí CPU bá gbóná jù, fúnra rẹ̀ ló máa dẹ eré kó má bàa jóná. Kọ̀ǹpútà tó ń yá láàárọ̀ tó wá ń lọ́ra lẹ́yìn wákàtí kan, tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ọlọ ata, eruku ló ti dí i lọ́nà ọ̀fun. Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde, ẹ sì má gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì ṣiṣẹ́.

Ìgbà wo ló wá yẹ kéèyàn ra òmíràn? Bó bá jẹ́ CPU ló ń gun 100 lórí iṣẹ́ kékeré, lẹ́yìn tí ẹ ti rí i pé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì tàbí ooru, télọ̀ ti darúgbó nìyẹn. Bí RAM ò bá ṣeé fi kún 4GB, bákan náà. Ọ̀rọ̀ Windows tún wà níbẹ̀. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 7 ní January 14, 2020, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Windows 10 ní October 14, 2025. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú 2017 ni Windows 11 ò gbà wọlé. Wọn ò ní torí ẹ̀ kú, ẹ sì lè máa fi wọ́n tẹ̀wé, ṣùgbọ́n èmi ò ní fi irú rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ báǹkì.

Tó bá wá di dandan pé tòkunbọ̀ lẹ máa rà, ní Ọ̀tìgbà n'Íkẹjà ni o, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí ilé yín, kí ẹ tó ka owó, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc. Ẹ wò ó bóyá SSD ló wà níbẹ̀, bóyá Memory tó 8GB bí wọ́n ṣe sọ, kí ẹ jẹ́ kó wà ní títàn fún ìdajì wákàtí. Bí olùtajà bá ní kò sí iná láti fi tàn án, ẹ ní ẹ ó padà wá nígbà tí iná bá dé.